Àmì Keje Lára Gíábọ́ọ̀sì

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 2013

Mo sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ lónìí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, èmi nìkan lábẹ́ ọkọ̀, jáàkì kan, àti ẹ̀yìn tó ti ń dùn mí láti ọdún tó kọjá. Òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́ lórí òrùlé gáréèjì. Àga Nadine ìyàwó mi ṣì wà níbi tó máa ń wà, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú tìmùtìmù tó fúnra rẹ̀ rán. Mi ò gbé e kúrò. Mo ń yí i ká bí ẹni pé èèyàn ṣì jókòó síbẹ̀.

Ọdún 1971 la ra ọkọ̀ Chevelle yìí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ pé màá tún un ṣe padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Lọ́dọọdún, tí yìnyín bá ti yọ́ tán, Nadine á gbé kọfí rẹ̀ wá sí gáréèjì, á ní, "Delmar, ìgbà wo lo máa tú gíábọ́ọ̀sì yẹn?" Èmi á ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀." Kò béèrè ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìn rí, kò béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Gíábọ́ọ̀sì ṣáá ni, òun tí kò lè wa ọkọ̀ tó bá ní kílọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń rò pé ó kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nílé ìwòsàn, lóṣù Kejì, ó tún sọ ọ́. Ó ní, "Má jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ o. Tú u." Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ló kú.

Ìpàtẹ ọkọ̀ àtijọ́ ti Kokomo di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá gba máàkì márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n ń fún ní ríbọ́ọ̀nù búlúù. Mo fẹ́ gbà á, kí n lọ so ó mọ́ òkúta ibojì rẹ̀. Ohun tí mo ṣì fẹ́ láyé yìí ò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ kẹrin

Ìwé àwọn tó ń ṣe ìpàtẹ náà dé. Ojú ewé kan wà nínú rẹ̀ fún àwọn àmì ọ̀dà tí wọ́n fi sára gíábọ́ọ̀sì nílé iṣẹ́. Ìlà mẹ́jọ ni, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àyè mẹ́rin: àwọ̀ rẹ̀, ibi tó wà, ẹni tó fi í síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀. Kéèyàn wá gbogbo rẹ̀ rí, kó yà á ní fọ́tò, lẹ́yìn náà kó tún un kùn bó ṣe wà.

Àwọn òmùgọ̀ máa ń gbé gíábọ́ọ̀sì lọ fọ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná alágbára, wọ́n á wá máa béèrè ibi tí àmì lọ. Gíríìsì ogójì ọdún ló bo ọ̀dà yẹn tí kò fi jẹrà. Díẹ̀díẹ̀ lèèyàn fi ń ṣí i, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Mo wọ ilé ìwẹ̀ láti mú búrọ́ọ̀ṣì kan. Tiẹ̀ ṣì wà nínú kọ́ọ̀bù. Mo wakọ̀ lọ sí ìlú, mo ra tuntun, méjì ní dọ́là mẹ́ta.

Ọjọ́ keje

Àmì àkọ́kọ́! Ìlà àwọ̀ ọsàn, ó gba orí ìdérí ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó gùn tó ìka mi. Mo pariwo níbi tí mo wà. Mo yíjú sí àga.

Mo pe Virgil Haskett, aládùúgbò mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ayẹ̀wò nílé iṣẹ́ gíà níbí ní Muncie kó tó di pé wọ́n tì í. Ó dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó.

Ó ní, "Yàrá ariwo nìyẹn. Wọ́n á yí gíà, ọkùnrin kan á gbé etí lé e. Tí kò bá pohùn réré, á fa ìlà ọsàn."

"Ṣé o mọ ẹni tó fà á ni?"

"Orúkọ ẹ̀ ti lọ lórí mi, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ẹ̀. Wo bó ṣe nípọn níbẹ̀rẹ̀. Onímu ni. Búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kì í gbẹ, ọ̀fun ẹ̀ náà kì í gbẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń rí nínú àyà èèyàn.

Ọjọ́ kejìlá

Ooru. Mi ò ṣe nǹkan kan. Kàlẹ́ńdà ilé ìdáná ṣì wà ní oṣù Kejì. Ọjọ́ kẹta ni máàkì tí Nadine máa ń fà sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan parí sí.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mẹ́fà ti pé. Ọsàn, funfun méjì, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlúù. Mo kọ gbogbo wọn sínú ìwé. Níbi "ẹni tó fi í síbẹ̀" mo kọ "ilé iṣẹ́" lẹ́ẹ̀mẹfà.

Virgil kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dán ọ̀dà wò. Èèyàn á fi tínà, omi tó ń yọ ọ̀dà, díẹ̀ sórí òwú, á nu etí àmì náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ti gan mọ́ irin, kò ní tètè kúrò. Èyí tó bá bá òwú lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ló fi í síbẹ̀ lẹ́yìn. Ayédèrú ni. Ó ní àwọn tó ń ta ọkọ̀ àtijọ́ máa ń kun irọ́ sí i kí owó rẹ̀ lè gun òkè.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Nǹkan ìyanu ṣẹlẹ̀ lónìí, ó sì já sí òfo.

Mo dojú gíábọ́ọ̀sì dé, mo ń họ gíríìsì abẹ́ ìrù rẹ̀, níbi tí kò sẹ́ni tó máa ń wo ibẹ̀ láéláé. Ó nípọn tó ìka kan. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo rí píǹkì. Àmì kékeré kan, ó ká bí ìwọ̀ ẹja. Gbogbo ìwé tí mo ní, kò sí píǹkì nínú wọn. Mo ti ń rò ó pé èmi ni màá kọ́kọ́ fi han ayé. Mo tilẹ̀ ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ìlà keje.

Mo pe Virgil lórí fóònù.

"Píǹkì kẹ̀? Delmar, ọkùnrin ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀ yẹn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti gbé agolo píǹkì wọ ẹnu ọ̀nà? Wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi fẹ̀yìn tì. Dán an wò."

Mo dán an wò. Ó bá òwú lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà téèyàn nu ọbẹ̀ lẹ́nu ọmọdé. Ayédèrú. Inú bí mi, mo rò pé ẹni tó ta ọkọ̀ yìí fún wa ní 1971 ló ń fi wá ṣeré. Mo bu tínà sí àkísà, mo nù ún mọ́ tónítóní. Mi ò tiẹ̀ yà á ní fọ́tò. Ta ló ń ya irọ́ ní fọ́tò? Mo fi rọ́bà pa ìlà keje rẹ́.

Mo jẹ àgbàdo síse mẹ́ta lálẹ́. Ti ọdún yìí dùn.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje

Iná aláwọ̀ ayẹyẹ òmìnira ń bú lójú ọ̀run látọ̀dọ̀ gbogbo aládùúgbò. Mo ti fèrèsé pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Rowena wá láti Anderson láti bá mi palẹ̀ aṣọ Nadine mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, òun nìkan ló kù nínú ìdílé wọn. Ó gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín sínú búrẹ́dì wá fún mi, ẹran náà fẹ̀ ju búrẹ́dì rẹ̀ lọ nílọ̀ọ́po méjì, ó ní mo ti gbẹ bí igi ọgbà.

Ó ń tú àpótí ìwọṣọ, mo ń dì í sínú àpò. Lójijì mo gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò kékeré kan sókè. Kútẹ́ẹ̀sì. Píǹkì.

"Ó ṣì tọ́jú ẹ̀! Delmar, o ti tú gíábọ́ọ̀sì yẹn, àbí? Ṣé o ti rí i?"

Mo ní, "Rí kí ni?"

"Háà. Kò tíì rí i." Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń nu omi ojú ẹ̀rín. "Jẹ́ kí n sọ fún ẹ. Ó ti ní kí n má sọ, ṣùgbọ́n ta ló máa wá bá mi jà báyìí? Ṣé o rántí ọdún 1983, tí wọ́n dá ẹ dúró níbi iṣẹ́?"

Mo rántí. Oṣù mẹ́jọ. Mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo tú gíábọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà òtútù yẹn, mo pààrọ̀ bíárìnì rẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ ní nǹkan kan láyé tí mo lè tún ṣe.

Rowena ní, "Ọjọ́ tó o parí ẹ̀, o wọlé lọ fọ ọwọ́. Nadine rá pálá lọ síbẹ̀, ó fi kútẹ́ẹ̀sì ẹ̀ máàkì sí i lábẹ́. Máàkì ẹ̀ yẹn, o mọ̀ ọ́n. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Rowena, ọkọ mi gbà pé òun ò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Tí wọ́n bá ń ṣàyẹ̀wò níbi iṣẹ́ gíà, èmi náà ti ṣàyẹ̀wò tèmi. Mo ti fọwọ́ sí i. Ó yege. Tó bá tú u lọ́jọ́ kan, á rí i.'"

Mo ń wo ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo ọdún ló ń retí pé o máa tú u. Mo ní, kí ló dé tó ò kàn sọ fún un? Ó ní rárá, òun fẹ́ kó bá a níbẹ̀ fúnra ẹ̀." Ó rọra fi ìgò náà sínú báàgì rẹ̀. "Jọ̀ọ́, tó o bá débẹ̀, pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ."

Mo sọ fún un pé mi ò tíì débẹ̀.

Irọ́ ni mo pa fún un. Ó lọ ní aago márùn-ún. Mo wọ ilé ìdáná, mo dúró níwájú kàlẹ́ńdà oṣù Kejì, mo wo máàkì tó wà lórí ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ọlọ́wọ́ òsì ni Nadine. Ìrù máàkì rẹ̀ máa ń fì sí òsì, ó máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú gíábọ́ọ̀sì wà ní dídé nígbà tí mo rí i. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo fi sókè, ni máàkì náà fi dorí kodò lójú mi. Ìwọ̀ ẹja, mo kọ ọ́ síbí, ìwọ̀ ẹja.

Ọlọ́run má bínú sí mi, mo fi ọwọ́ ara mi nù ún.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Mo da agolo àkísà sílẹ̀ láàárọ̀. Tuntun ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá ni ọkọ̀ ìdọ̀tí kó àwọn ti tẹ́lẹ̀, mo rántí pé èmi ni mo gbé e síta, mo tilẹ̀ juwọ́ sí awakọ̀ náà. Mo ṣì wá gbogbo ilẹ̀ lórí eékún mi, bóyá òwú kan bọ́ sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mi ò wọ gáréèjì.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ

Virgil wá láìpè. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí òun ò gbúròó sípánà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbi ẹnu ọ̀nà, mo sì bú u. Mo ní, "Ìwọ lo ní kí n dán an wò! Ìwọ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ọkùnrin ẹ!"

Kò bínú. "Mo ní kó o dán an wò, Delmar. Mi ò ní kó o nù ún tán."

Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Tínà díẹ̀ létí àmì, ẹ̀ẹ̀kan péré: ohun tó kọ́ mi nìyẹn. Ìbínú ni mo fi nu ìyókù, nítorí pé kì í ṣe ohun tí mo ń wá.

Ó ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì wá. A wọ gáréèjì. Ó rọra jókòó sórí àga Nadine kí n tó lè sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rí i pé kò burú. Ó ní kí n pa iná, kí n yí gíábọ́ọ̀sì náà sápá ọ̀hún, kí n gbé tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ lórí irin kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ gẹ́rẹ́ lórí rẹ̀.

"Wá wo ibí."

Alumíníọ̀mù tó yí ibẹ̀ ká ti ṣú láti ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ibi tí kútẹ́ẹ̀sì bò kò ṣú. Ó mọ́lẹ̀ bí irin tuntun, ó sì rí bí máàkì tó wà lórí kàlẹ́ńdà wa gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìrù rẹ̀ tó fì sí òsì.

Virgil sún mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn yòókù. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Òsì. Ó yára fà á, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kéré." Ó tún wò ó. "Wo bó ṣe gbọ̀n níbí. Bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ká òun mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ tó ń bọ̀."

Mo fi orí lé irin náà, mo sì sunkún. Láti oṣù Kejì, mi ò tíì sunkún báyẹn. Virgil fi ọ̀pá rẹ̀ kan bàtà mi díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dákẹ́.

Mo bi í bóyá á wà bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá. Ní báyìí tí kò sí nǹkan tó bò ó mọ́, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí i, á ṣú bá ìyókù. Ọdún kan, bóyá méjì.

Ọjọ́ kọkànlá

Mo pe Rowena, mo jẹ́wọ́. Mo ń gbọ́ aago ara ògiri rẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ tó kú, ó bi mí bóyá o ti tú u."

Mo ní, "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ó kù díẹ̀."

Nígbà tó yá, ó ní ìgò náà ò tíì gbẹ, òun á mú un wá, kí n fi ya òmíràn síbẹ̀. Ó ní, "Kò lè bínú, Delmar. Obìnrin yẹn ò mọ inú bíbí sí ẹ."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo tún àwọn àmì mẹ́fà kùn. Ọwọ́ mi balẹ̀. Virgil ní onímu wa á rò pé òun ló fa ìlà ọsàn yẹn.

Lẹ́yìn náà mo ṣí kútẹ́ẹ̀sì tí Rowena mú wá. Mo dán an wò lórí páálí, nígbà ogún, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Gbogbo rẹ̀ rí bí ekòló. Virgil kó wọn jọ, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá wọn padà. "Ọwọ́ ẹ ni gbogbo eléyìí."

Mo dé ìgò náà padà. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ń ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́. Mi ò ní fi ọwọ́ mi kun irọ́ sí orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Gíábọ́ọ̀sì ti padà sábẹ́ ọkọ̀. Mo wà á yí àdúgbò ká. Kò pohùn réré. Jálá epo kan ti di dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ǹtì mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, Kokomo

Òtútù òwúrọ̀, oòrùn ọ̀sán. Chevelle wa dúró láàárín méjì tó lówó lórí jù ú lọ, kò sì tijú. Rowena gbé àga jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ín.

Adájọ́ tó kàn wá ni Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist, ọkùnrin gíga kan láti Ohio, kì í rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ẹní, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ka àwọn àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè, ó ní ó pẹ́ tí òun ti rí iṣẹ́ tó mọ́ báyìí. Lẹ́yìn náà ó sún sápá ìrù gíábọ́ọ̀sì. Mo rí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó dùbúlẹ̀.

"Nǹkan kan ti wà níbí rí. Wọ́n ti nù ún."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló nù ún?"

"Èmi ni."

"Àwọ̀ wo ni?"

"Píǹkì."

Ó yọ orí síta, ó wò mí láti ilẹ̀. "Ilé iṣẹ́ ò lo píǹkì."

"Mo mọ̀, sà."

Ó jáde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Ká ní ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ́ kó dọ́gba pẹ̀lú ìyókù ni, mi ò bá tí rí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà yín. Ojú irin tí kò dọ́gba, máàkì méjì ló ń lọ níbẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo fẹ́ kọ fún yín tẹ́lẹ̀." Ó dúró, bí ẹni tó ń retí kí n bẹ̀ ẹ́. "Búrọ́ọ̀ṣì wà nínú àpótí mi. Mo lè lọ mu kọfí kí n padà wá."

Rowena ti dìde. Ó di ọwọ́ mi mú.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó kọ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ríbọ́ọ̀nù pupa nìyẹn, kì í ṣe búlúù. Ó fẹ́ buwọ́ lu ìwé náà, ó wá rí ibi tí mo ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́. "Ẹ ò kọ nǹkan kan sí ìlà keje. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí, ìbáà jẹ́ èyí tó ti lọ. Òfin wa nìyẹn." Ó na bírò rẹ̀ sí mi.

Mo kọ ọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wa. Àwọ̀ rẹ̀: píǹkì. Ibi tó wà: abẹ́ ìrù. Ẹni tó fi í síbẹ̀: Nadine Stroup, 1983. Ìtumọ̀ rẹ̀: Ó yege.

Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist kà á. Ó tún un kà. Kò yí máàkì rẹ̀ padà, mi ò sì retí kó yí i. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ láti kí Rowena kó tó lọ sídìí ọkọ̀ tó kàn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbé ríbọ́ọ̀nù pupa náà lọ sí ibojì rẹ̀, mo so ó mọ́ ọn. Mo ti tú u, Nadine. Mo pẹ́ jù.